Ìyá Mi Ò Dáhùn “Ẹ Kú Ewu”

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, tí n kì í mí hẹlẹhẹlẹ báyìí... Àdùkẹ́, sún mọ́ mi. Ìwọ náà ti di ìyàwó sójà, oyún ti wà níkùn, o wá ń bi mí bóyá ìtọ́jú ilé ìwòsàn bárékè tẹ́ mi lọ́rùn. Tóò, gbọ́.

Bárékè n’Íbàdàn ni mo ti rọbí. Wọ́n ti gbé bàbá yín àgbà lọ sí ibodè. Ìyá mi ló wọkọ̀ láti Igbó-Ọrà wá dúró tì mí. Ẹ̀yin tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ wo ọmọ inú yín lónìí, ta ló rí irú ẹ̀ nígbà náà?

Mo bí obìnrin. Inú mi dùn, àfi bíi kí n dìde jó. Nọ́ọ̀sì ní, “Màmá, ẹ kú ewu ọmọ.” Ìyá mi ò dáhùn. Ó tún un sọ. Ìyá mi gbójú sókè, ó ń wo àjà. Gbọ́ o, àwọn ìyá àgbà ilé wa kì í dáhùn ẹ kú ewu, àfi tí wọ́n bá fọwọ́ kan ikùn ìyá ọmọ wò. Ìlú ìbejì kọ́ ni ìlú wa ni?

Ẹ̀rù bà mí. Sójà ni nọ́ọ̀sì yẹn, obìnrin gíga, gbogbo wa là ń sá fún un. Mo ní yóò lé ìyá mi síta.

Ó ní, “Màmá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?”

“O ò ṣẹ̀ mí, ọmọ mi. Ará Igbó-Ọrà ni wá. Jọ̀ọ́, fọwọ́ kan ikùn ẹ̀ ná.”

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ìyá ọmọ lẹ́yìn ìbímọ ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀. Ó fọwọ́ kan ikùn mi, ó fi etí lé e... Háà, ojú ẹ̀ yí padà. “Dókítà, ọ̀kan ṣì kù!” Dókítà sáré dé. Ọmọ ti dábùú. Wọ́n yí i, wọ́n rọra fà á jáde. Kò ké. Nọ́ọ̀sì ń pa á lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́, “Bàbá, ké, jọ̀ọ́.” Ìgbà tó ké, gbogbo wa bú sẹ́kún.

Nọ́ọ̀sì bá nà ró ṣánṣán, ó kí ìyá mi bí sójà ti ń kí ọ̀gá: “Màmá, ẹ kú ewu ọmọ.”

Ìyá mi wá dáhùn: “Ewu iná kì í pa àwòdì.”

Àdùkẹ́, lọ sọ́dọ̀ wọn. Ohun tó bá ń ṣe ọ́, má fi pa mọ́. Ẹni tó bá gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀ torí kó lè gbọ́ tìrẹ, ó ti tọ́jú ẹ.

O ní ṣé ó tẹ́ mi lọ́rùn? Kẹ́hìndé tí ò fẹ́ ké lọ́jọ́ náà, bàbá rẹ mà ni. Òun ló ń hanrun ní pálọ̀ yẹn. Jẹ́ kó máa hanrun.