Sàréè Ìyá Oníyàá

Alága ìjókòó yìí, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó síwájú, tí orúnkún ń dùn yín bíi tèmi, mo kí yín. Ẹ̀yin àlejò wa láti ilé ìkàwé, ẹ̀yin tí ẹ yá wa ní yàrá yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹ kú ìfaradà ariwo wa. Akọ̀wé, mo kí ìwọ náà. Má sunkún o, iṣẹ́ ni mo gbé fún ẹ. Bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kí o ṣe kọ ọ́, má bá mi tún un ṣe. Onígbàjámọ̀, àbúrò mi, ìwọ tí o lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sá lọ, mo kí ẹ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fetí sí mi.

Wọ́n ní kí n wá dágbére fún ẹgbẹ́ àwa tí à ń wá òkú ẹbí wa. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìdágbére máa ń dùn. Tèmi ò ní dùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn, kó dúró de Alága, àwọn ló kàn lẹ́yìn mi, wọ́n sì ti gbé awò ojú wọn wọ̀.

Mi ò mọ ìwé. Gbogbo yín lẹ mọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá yìí, tí mo rí tábìlì tó kún fún bébà, tí gbogbo ilé ń rùn bí àpótí tí wọn ò ṣí láti ayébáyé, mo fẹ́ padà. Alága ló fà mí lọ́wọ́ jókòó. Wọ́n ní, "Màmá, ta lẹ̀ ń wá?" Mo ní ìyá mi ni. Wọ́n ní, "Kí lẹ mọ̀ nípa wọn?" Mo ní mo mọ̀ pé wọ́n ń fọ aṣọ ní ọsibítù, mo mọ̀ pé káfíńtà ni bàbá mi, mo mọ̀ pé èmi nìkan ni wọ́n bí, mo sì mọ̀ pé òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé wọn lọ sin. Àbúrò bàbá mi obìnrin da abọ́ ìfọṣọ bò mí lórí, omi ń lu abọ́ náà, mi ò gbọ́ ẹkún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo ní. Bàbá mi ò sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún mi. Ó fẹ́ ìyàwó mìíràn kíákíá, ẹni tó bá sì dárúkọ ìyá mi nínú ilé yẹn, ìgbátí ló máa gbà.

Ẹ jẹ́ kí n yìn yín kí n tó bú yín. Ta ló tún ń ṣe irú iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe yìí? Ta ló máa fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ jókòó sí ọ́fíìsì ìlú, tí eruku ìwé àtijọ́ á máa mú un sín, nítorí òkú tí kì í ṣe tirẹ̀? Alága ń ṣe é. Akọ̀wé, tó jẹ́ télọ̀, tí aṣọ oníbàárà dúró dè é nílé, òun náà ń ṣe é. Ẹ̀ ń ka ìwé fún mi láì kùn. Ẹ ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí pé mi ò mọ ìwé. Ọlọ́run rí yín.

Ó wá di ọjọ́ tí Alága sáré wọlé bí ọmọdé, wọ́n ní, "Màmá, a ti rí wọn!"

Mo ní, "Ẹ kà á."

Wọ́n kà á. Ìwé àwọn tó ń sìnkú láyé ìgbà yẹn ni. Wọn ò kọ orúkọ obìnrin náà, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n kà sí. Wọ́n ní ìyàwó káfíńtà. Wọ́n ní alágbàfọ̀ ọsibítù. Ikọ́ tó jà nígbà náà ló pa á. Ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀. Ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sin ín, wọ́n sì kọ igun tí sàréè rẹ̀ wà.

Mo ní, "Ọmọ mẹ́ta kẹ̀? Èmi nìkan ni wọ́n bí."

Akọ̀wé ní, "Màmá, bóyá wọ́n bí àwọn kan tí wọn ò sọ fún yín."

Mo ní, "A ò gbé ẹ̀gbẹ́ ibi bíríkì. Ẹ̀bá odò la gbé."

Alága ní, "Ọ̀lẹ làwọn akọ̀wé ayé ìgbà yẹn. Ohun tó bá ti wá sí wọn lọ́kàn ni wọ́n ń kọ."

Mo ní, "Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ìwé yìí sọ."

Ẹnì kan wá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó ti kú, mi ò ní sọ ẹni tó jẹ́. Ó ní, "Màmá, ọmọ kékeré lẹ jẹ́ nígbà yẹn. Kí lọmọ kékeré mọ̀ nípa òjò?"

Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rín yẹn ni mo fi gbé òjò mi jù nù. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, mo yọ̀ǹda rẹ̀ kí n lè rí sàréè gbà. Kò sí olè níbẹ̀, kò sí òpùrọ́ níbẹ̀. Àwa tí à ń wá ẹbí nìkan la máa ń ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ojú máa ń kán wa kí òkú lè bá pósí mu, títí a ó fi gé e lẹ́sẹ̀.

Mo wá ń lọ síbẹ̀. Mo ro koríko rẹ̀. Mo ní kí bíríkìlà gbẹ́ orúkọ ìyá mi sára òkúta, ó sì rì í mọ́lẹ̀. Tí nǹkan bá dùn mí nílé, ibẹ̀ ni mò ń gbé e lọ. Mo fẹjọ́ ọmọ mi àkọ́bí sùn níbẹ̀. Mo fẹjọ́ ìyàwó rẹ̀ sùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò ní purọ́ fún yín, ara tù mí.

Lẹ́yìn náà ni onígbàjámọ̀ wọ ẹgbẹ́. Mi ò sí níbí lọ́jọ́ náà, orúnkún dá mi dúró sílé. Ó dìde bí gbogbo ẹni tuntun ṣe ń dìde. Ó ní ìyá òun lòun ń wá. Ó ní alágbàfọ̀ ọsibítù ni, káfíńtà ni bàbá òun, àwọn mẹ́ta ni wọ́n bí, òun ni àbíkẹ́yìn, àwọn ẹ̀gbọ́n òun sì ti kú. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ibi bíríkì làwọn gbé, òun ò tíì já lẹ́nu ọmú nígbà tí ikọ́ pa ìyá òun nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ wo ojú ara yín. Ẹ sì sọ fún un pé ẹ̀ ń bá a wá a.

Ó ń bọ̀ níbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń wúkọ́, ó ń bèèrè. Èmi náà ń bọ̀, mò ń jókòó tì í, mò ń sọ fún un pé kó má sọ̀rètí nù, láì mọ irú ìyá tó ń wá, nítorí ẹ ò sọ fún mi. Bébà tó jẹ́ tirẹ̀ ń kọjá níwájú mi, mi ò sì lè kà á.

Akọ̀wé ni kò lè gbé e mọ́ra mọ́. Ó wá bá mi nínú ilé ìdáná, ó fa ẹ̀wà mi sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ń bá mi ṣà á. Ó ní, "Màmá, ọṣẹ ti wọ́n o."

Mo ní, "Ṣé ọṣẹ ló gbé ẹ wá?"

Ó ní, "Rárá o, Màmá."

"Ó dáa. Sọ ọ́."

Ó sọ ọ́. Mo ní, "Kí lẹ wá fẹ́ ṣe sí i?"

"Alága ní kí a ní sùúrù."

"Sùúrù títí dìgbà wo?"

Ó tẹjú mọ́lẹ̀. "Màmá, ẹ ti dàgbà..."

"Ó yé mi. Ẹ̀ ń dúró kí n kú, kí ẹ tó gbé ìyá ọkùnrin yẹn fún un."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ Màmá!"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ sì rí i pé mi ò tètè lọ."

Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Ó pa èmi náà lẹ́rìn-ín kó tó dùn mí. Alága, mo mọ̀ pé àánú mi ló ṣe yín. Àmọ́ ta ló sọ fún yín pé èmi ló máa kọ́kọ́ lọ? Ṣé ẹ ò gbọ́ ikọ́ rẹ̀ ni? Ká ní ó ti kú ńkọ́, ṣé ẹ máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí kòtò kí ẹ sọ fún un pé ẹ ti rí ìyá rẹ̀? Àánú mi tí ẹ ṣe, ara ẹlòmíràn lẹ ti gé e. Kí ẹ má ṣe irú ẹ̀ sí ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Orí bàbá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, apá kan ti dán, irun ṣì wà ní apá kejì. Mo ní, "Àbúrò, mo ti rí ìyá rẹ."

Kò wo ojú mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n parí orí bàbá yìí." Ó parí rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ó gbọn irun kúrò lọ́rùn ọkùnrin náà, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àga oníbàárà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó ní, "Ta ló ń ro ibẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ máa ń bá wọn sọ̀rọ̀?"

"Mo máa ń bá wọn sọ̀rọ̀."

"Kí lẹ máa ń sọ fún wọn?"

Mo ní, "Ẹjọ́ àwọn ọmọ mi."

Ó ní, "Wọ́n wá mọ àwọn ọmọ tiyín lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò mọ èmi."

Wọ́n ti bú mi láyé yìí. Wọ́n ti lù mí. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára bí ọ̀rọ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni kò fi bú mi.

Ó ní kí n jẹ́ kí òkúta wà níbẹ̀, kí obìnrin náà jẹ́ ìyá àwa méjèèjì. Mo ní rárá, mo ti lò wọ́n tó. Bíríkìlà hú òkúta náà. Ó wà lẹ́yìnkùlé mi báyìí, lẹ́bàá ẹ̀rọ omi. Ẹni tí kò bá wù, kó má wò ó.

Ẹ̀yin kan rò pé ìbínú ló ń lé mi lọ. Mo bínú lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló ń lé mi lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Akọ̀wé pè mí lórí fóònù, ayọ̀ ò jẹ́ kó lè mí. "Màmá, a ti rí òmíràn! Ìyàwó káfíńtà ni, alágbàfọ̀ ni, ọmọ kan ló bí, ìgbà òjò ni wọ́n sin ín!"

Mo ní, "Ibo ni wọ́n gbé?"

Ó ní, "Wọn ò kọ ọ́."

Mo pa fóònù. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń rò ó. Bóyá òun ni. Bóyá òun kọ́. Ṣé ẹ mọ bó ṣe wù mí tó pé kó jẹ́ òun? Ó wù mí débi pé tí ẹ bá ní akàn ni ìyá mi, màá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹsẹ̀ ara mi. Ẹni tó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó dá ẹjọ́ òkú. Bí mo bá sì ń jókòó sí àárín yín, ojú mi tí ẹ̀ ń wò ni ẹ máa fi dá a. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ wá àwọn ọmọ obìnrin yẹn bí ẹni pé ẹ ò mọ̀ mí rí. Bí ẹnì kan bá wọlé lọ́la tó ní obìnrin náà ló bí òun, ẹ gbé e fún un kí ó tó bọ́ bàtà. Bí ẹnikẹ́ni ò bá dé, ẹ má gbé e fún mi nítorí pé mo sunkún, ẹ má sì gbé e fún òkú mi. Lórí bébà tí ẹ ya ẹbí mi sí lára ògiri yẹn, ẹ kọ ìyá oníyàá sí àyè ìyá mi, ẹ sì ti fi bírò ha á kúrò. Mi ò mọ ìwé, àmọ́ mo mọ ohun tí wọ́n ha. Ẹ lẹ bébà tuntun síbẹ̀, kí ẹ sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ láì kọ nǹkan kan. Bí àwọn ọmọ mi bá wá bi yín, ẹ sọ fún wọn pé ìyá àgbà wọn wà, pé ó bí mi, pé a ò mọ ibi tó wà. Kí ẹ má fi ìyá ẹnikẹ́ni dí i.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ rí àwọn tí ẹ ń wá, kó sì jẹ́ àwọn gan-an. Kí ikọ́ fi onígbàjámọ̀ sílẹ̀, kó pẹ́ kó ráyè sọ ẹjọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ náà. Kí ojú Alága má fọ́, kí Akọ̀wé má rí ohun tó máa tún gbé pamọ́. Nígbà tí ọjọ́ tèmi bá pé, kí ẹni tó máa kọ ọ́ kọ orúkọ mi, kó má kọ ti ọkọ mi. Kó kọ iye ọmọ tí mo bí, kó kọ ibi tí mo gbé, kó sì kọ bójú ọjọ́ ṣe rí.

Mo ti sọ tèmi. Ẹ ṣé o, ẹ fún mi lọ́nà kí n máa lọ.