Ẹ Sọ Ohun Tó Wà Nínú Ìgò Yìí

Mi ò ní jókòó, Ìyá Malachi, ẹ má wulẹ̀ fa àga sí mi, mi ò mu omi, mi ò sì wá ra nǹkan kan, ìgò yìí ni mo gbé wá, ẹ gbà á, ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín tà á fún mi lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè, ẹ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi kí n máa lọ, nítorí pé èkejì mi ń bẹ lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, àyà Táyé ń lù kì-kì-kì, èèyàn ń rí i láti orí aṣọ, dókítà sì ti sọ lójú gbogbo wa pé òun ò lè ṣàdédé gún un lábẹ́rẹ́ láìmọ ohun tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ewé ni. Mo gbọ́. Ewé wo? Ewé lórúkọ, Ìyá Malachi. Ìbàràpá la wà, ọmọ tí kò tíì wọ ilé ìwé níbí mọ ewé ilá yàtọ̀ sí ewé ẹ̀gẹ́, ẹ̀yin àgbàlagbà obìnrin wá ń ta ewé fún ọmọ èèyàn ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀? Dókítà náà ti bi mí, mo ní ewé ni, ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè, ó tú kápúsù kan sí àtẹ́lẹwọ́, ìyẹ̀fun funfun ló dà jáde. Ewé wo ló funfun báyẹn?

Ẹ jẹ́ n rán yín létí, bóyá ọjà tí ẹ ń tà ti pọ̀ jù, ẹ ti gbàgbé èmi. Èmi Kẹ́hìndé, tíṣà, tí ẹ̀ ń kí ní "tíṣà wa tó kún ojú àga." Ẹ ò parọ́, mo kún ojú àga. Orúnkún mi ti ń ké bí ilẹ̀kùn, tí mo bá fẹ́ gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwé wa lójú ọ̀nà Ìdèrè, ọlọ́kadà á kọ́kọ́ wo táyà rẹ̀ kó tó wo ojú mi. Mo lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì Sàrátù dè mí lápá, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ó ní tí mi ò bá gbé ara yìí sílẹ̀ díẹ̀, ara náà á gbé èmi sílẹ̀. Kò fún mi ní oògùn tí ń pa ebi o. Ó ní kí n dín òkèlè kù ni. Láfún mẹ́ta tí mo ń jẹ kó di ẹyọ kan, kí ọbẹ̀ ìlasa pọ̀ jù ú lọ, kí epo inú rẹ̀ má ṣe léfòó, kí n máa jẹ ẹ̀wà, kí n máa jẹ ìgbá tí ebi bá dé lọ́sàn-án, kí n jẹun alẹ́ kí oòrùn tó wọ̀, kí n sì máa fẹsẹ̀ rìn dé iwájú ọjà kí n tó gun ọ̀kadà. Ó ní kí n má kánjú, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Mo sì ṣe é. Oṣù méjì gbáko. Kílò mẹ́ta ló lọ lára mi, inú mi dùn débi pé mo sọ fún yín, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún, orí òmùgọ̀ mi yìí, mo rò pé ẹ máa bá mi yọ̀. Kí lẹ sọ? Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, "Kílò mẹ́ta lóṣù méjì? Tíṣà, ìgbín ń sáré jù yín lọ." Ojú tì mí. Ẹ wá tọwọ́ bọ báàgì, ẹ yọ ìgò yìí, ẹ ní ewé ni, ẹyọ kan láràárọ̀, ebi ò ní mọ ọ̀nà ilé mi mọ́. Mo bi yín o! Mo ní, ẹ̀jẹ̀ mi tó ń ru ńkọ́? Ẹ ní yóò wá sílẹ̀ ni. Ẹ fi ọwọ́ lé àyà sọ ọ́.

Ó ṣiṣẹ́, mi ò ní torí ìbínú parọ́. Ebi lọ. Mo ń wo iyán bí ẹni ń wo igi ìdáná. Síkẹ́ẹ̀tì ń yọ̀ nídìí mi, àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ń bi mí ní àṣírí. Àyà mi ń já ṣá, oorun ò kùn mí, ẹnu mi gbẹ bí èèpo ẹ̀pà, mo sọ fún yín, ẹ ní ọ̀rá ló ń wá ọ̀nà jáde. Èmi náà gbà, nítorí ẹni tó ń fẹ́ nǹkan kì í gbọ́ràn.

Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi ní irọ́. Ẹ ní kí n má sọ fún ẹnìkan, tí wọ́n bá rí i lọ́wọ́ mi, kí n ní fítámì ni. Bólúwadúró ọkọ mi kò sì fẹ́ rí oògùn tí kò ní ìwé lára nínú ilé rẹ̀, bó bá rí i, inú ṣáláńgá ló máa jù ú sí, ni mo bá gbé e lọ sílé Màámi, mo fi sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mò ń yà níbẹ̀ láràárọ̀ kí n tó lọ sí ilé ìwé. Màámi bi mí kí ni. Mo ní fítámì ni, Màámi, ó ń fún ara lókun. Ẹnu mi yìí náà ló sọ ọ́. Ì bá dára kó di odi lọ́jọ́ náà.

Ẹ mọ Màámi. Kò sí ẹni tí kò mọ Ìyá Ìbejì ní àdúgbò wa. Ẹ̀yin náà kì í ṣe àlejò nílùú yìí, àbúrò yín bí ìbejì, ẹ mọ bí a ṣe ń tọ́ wọn. Ṣé a máa ń ra nǹkan fún ọ̀kan ká fi èkejì sílẹ̀? Tí ibà bá mú mi, àwa méjèèjì la ó mu àgbo. Nígbà tí Táyé já láti orí igi gúáfà tó kán lápá, Màámi fi aṣọ gbé ọwọ́ tèmi náà kọ́rùn, tí nǹkan kan ò ṣe mí! Ọdún mọ́kàndínlógójì rèé, tí mo bá ra bàtà, yóò yí i wò, yóò ní, "Ó dára. Ti èkejì rẹ dà?" Irú ìyá bẹ́ẹ̀ lẹ ní kí n lọ sọ fún pé oògùn tó ń fún ara lókun ni mò ń lò. Báwo ló ṣe máa jẹ́ kí n dá a lò? Iwájú ilé rẹ̀ ni Táyé ń ránṣọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti ń mu ògì àárọ̀. Ló bá ń ṣí kápúsù kan, ó ń dà á sínú ògì Táyé, ó ń rò ó pọ̀ mọ́ mílíìkì, kò sì sọ fún wa, nítorí kí ló fẹ́ sọ? Ohun tí ó ti ń ṣe láti ọjọ́ tó ti bí wa ni.

Táyé o! Táyé tó jẹ́ pé láti kékeré ni wọ́n ti ń bi wá bóyá èmi ni mò ń gba oúnjẹ rẹ̀ jẹ, tí kò ní ẹran kankan lára tó fẹ́ fi tọrẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ oúnjẹ kù. Lẹ́yìn náà ó ń gbé e tì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, ó ń pe ọmọ aládùúgbò kó bá òun kì í. Ọrùn rẹ̀ di tín-ín-rín. A lọ ṣe àyẹ̀wò ibà, kò sí ibà. A ṣe ti ìtọ̀ ṣúgà, kò sí.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń dùn mí jù. Màámi pè mí, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ó ní, "Kẹ́hìndé, ìwọ lò ń fà á. Láti ìgbà tí o ti kọ oúnjẹ lèkejì rẹ ò ti lè jẹun. Mo bẹ̀ ọ́, jẹun kí ọmọ mi yè." Kí ni kí n ṣe, Ìyá Malachi? Èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo rán Táyé jáde wá tọ́ ayé wò, ṣé kí n wá máa dín ìdí kù kí òun máa kú ni? Mo pa kápúsù tì. Mo pa ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì náà tì. Mo jókòó síwájú láfún láàárọ̀, mo jókòó síwájú rẹ̀ nírọ̀lẹ́, omijé ń kán sínú ọbẹ̀, Màámi ń bù sí i, ó ń ní jẹ ẹ́, jẹ ẹ́ nítorí èkejì rẹ, Táyé jókòó síbẹ̀ ó ń wo ẹnu mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jẹun fún ẹlòmíràn. Gbogbo kílò tó lọ ló padà, wọ́n tún mú ọ̀rẹ́ wá, ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ sókè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, mo ní kó máa lọ, bí Táyé bá ti lè gbádùn, kó máa lọ. Bí mo ṣe ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni Táyé ń gbẹ.

Nígbà tí Màámi sì rí i pé mi ò lo fítámì mọ́, ó ní kó má bàa ṣòfò, ẹni tí ara rẹ̀ ò le ló nílò rẹ̀ jù. Ó sọ ọ́ di méjì. Kápúsù méjì láràárọ̀ fún ẹni tí kò wúwo tó àpò gàrí!

Láàárọ̀ òní ló ṣubú lé maṣíìnì. Ọlọ́kadà ló gbé wa, Màámi gun òmíràn tẹ̀lé wa, mo di Táyé mú sí àyà láàárín èmi àti ọlọ́kadà, kò wúwo, Ìyá Malachi, ẹ̀mí mi fò nítorí pé kò wúwo. Dókítà bèèrè pé kí ló lò. Mo ní kò lo nǹkan kan. Màámi ní, "Ó lò ó o!" Ó tú kókó ìdí ìró rẹ̀, ó yọ ìgò yìí, ó ń rẹ́rìn-ín sí dókítà náà, ó ní, "Mo tọ́jú rẹ̀, dókítà, àràárọ̀ ni mò ń fún un, mi ò fo ọjọ́ kan." Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Dókítà yí ìgò síwá, ó yí i sẹ́yìn, kò rí ìwé kankan lára rẹ̀. Ni mo bá já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ tí mo ń sáré bọ̀ wá bá yín.

Ẹ ò ta á fún Táyé. Òótọ́ ni. Ẹ ò mọ Táyé rárá, ó dáa, ẹ ò jẹ̀bi. Ṣé ìdájọ́ ni mo ní ká wá dá? Mo ní ẹ dárúkọ. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, ohun tí ẹ jẹ́ kó gba ibẹ̀ wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún ní ewé ni, kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Ó dáa. Omi rèé nínú ìkòkò yín, ife rèé. Ẹ gbé méjì mì. Méjì péré, iye tí Màámi ń fún un. Ẹ mì ín lójú mi, tí ẹ bá ti mì ín, màá padà sọ fún dókítà pé ewé ni. Kí ló dé? Ẹ na ọwọ́. Ara tiyín náà ò kúkú kéré.

Ẹ ní kí ni?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Ẹ ní ẹ ò lè lò ó torí pé ẹ̀jẹ̀ ń ru lára yín. Hẹ̀-hẹ̀-hẹ̀. Ẹ wo ẹ̀rín tó ń pa mí. Lára tèmi ó ń mú un wálẹ̀, lára tiyín ó ń gbé e lọ sókè. Ta ló sọ fún yín? Ẹnìkan ló sọ fún yín, ẹ̀yin ò ka ìwé dókítà. Ẹni tó ń kó o wá fún yín láti Èkó. Ẹ sì mọ̀ láti ọjọ́ náà. Ẹ mọ̀, ẹ wo ojú mi, ẹ fi ọwọ́ lé àyà.

Mi ò ní ṣépè fún yín, mi ò ráyè. Ẹ pè é. Fóònù yín rèé lórí bẹ́ǹṣì, ẹ pè é báyìí, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò gbé e. Ẹ tún un pè. Ẹ máa pè é lọ lójú ọ̀nà, ẹ wọ bàtà, ọlọ́kadà tó gbé mi wá ń dúró níta, àárín èmi àti òun lẹ máa jókòó sí. Ohun tí ẹ sọ fún mi yìí gan-an lẹ máa sọ fún dókítà, pé ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, àti gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn bá sọ, ẹ má fi ọ̀kan pamọ́ nítorí ìtìjú, ẹ̀mí èèyàn ni.

Àmọ́ ẹ fetí sí mi. Ẹ máa rí ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, ó ń ra ẹsẹ̀ Táyé, ó máa dìde, ó máa kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín pé ẹ wá kí ọmọ òun. Ẹ fa dókítà sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí ẹ tó la ẹnu. Ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Mo bẹ̀ yín, Ìyá Malachi, èmi tí mo wá bá yín jà, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ẹ má ṣe jẹ́ kó mọ̀ pé ọwọ́ òun ni.