Adágún Tí Mo Ń Ṣọ́

Ìgbà tí ara mi ṣì le, tí mo ṣì ń ru omi gòkè láìsinmi, èmi tí mo jẹ́ ìyàwó ilé ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ adágún abúlé wa, lẹ́yìn Ìdógò, lápá bọ́dà lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa wò mí. Àbí ẹ rò pé orí àga yìí ni mo ti ń jókòó láti ilẹ̀ wá?

Ọdún yẹn ni ìjọba ti bọ́dà pa. Sọ́jà dúró lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ti ìhà kejì wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, kò lè padà mọ́. Ìyá Sènámì wà nínú wọn, obìnrin Ẹ̀gùn kan tó ń bá wa yan gàrí. Ọmọ rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, òun wà níhìn-ín. Ẹ̀ẹ̀rùn wá dé, omi ń fà. Baálẹ̀ ní, "Onílé ni yóò kọ́kọ́ pọn. Kí àlejò dúró." Ó dùn mọ́ mi láti máa pàṣẹ, mi ò ní purọ́ fún yín.

Òkúta pẹlẹbẹ kan wà létí adágún. Orí rẹ̀ la ti ń pọnmi, ẹsẹ̀ wa kì í kan omi. Tí Ìyá Sènámì bá ti dé, màá ní, "Ẹ ṣì dúró ná." Á dúró títí. Nígbà tó yá, kò dúró mọ́. Ó gba ẹ̀yìn lọ, níbi tí kò sí òkúta, ó ń wọ omi dé orúnkún. Bẹ́ẹ̀ sòbìà ti yọ lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀... Mo rí i. Mo ní, ṣebí kò gun òkúta wa.

Aràn ni sòbìà: tí ẹni tó ní in bá wọ omi, ẹni tó bá mu omi náà á kó o. Kì í yára, ẹ gbọ́. Ó máa ń tó bí ọdún kan kó tó yọjú. Bọ́dà ò tíì ṣí nígbà tó dá èmi àti ọ̀pọ̀ ará abúlé dùbúlẹ̀. Àgbàdo gbẹ sóko, kò sẹ́ni tó lè lọ kó o. Ta ló ń gbé omi wá fún mi? Ìyá Sènámì ni, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ti san. Á gbé e sẹ́nu ọ̀nà, á bá tirẹ̀ lọ. Ojú tì mí gan-an.

Nọ́ọ̀sì kan wá láti Ìlaró. Ó ní, "Ta ló wọ inú omi?" Gbogbo wa nawọ́ sí Ìyá Sènámì. Ó tún ní, "Ta ni kò jẹ́ kó dé orí òkúta?" Gbogbo ọwọ́ wá sọ̀ kalẹ̀. Tèmi náà sọ̀ kalẹ̀.

Kí la wá ṣe? Ilé kọ̀ọ̀kan mú pákó kan wá, onílé, àlejò, Mùsùlùmí, ọmọ ìjọ. A fi kan afárá sórí omi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ pọn. Ẹni tí sòbìà bá yọ lára rẹ̀, wọ́n á bá a pọn tirẹ̀. Aṣọ funfun la fi ń sẹ́ omi ká tó mu ún. Díẹ̀díẹ̀, a ò rí sòbìà mọ́. Lónìí ńkọ́? Kálukú gbẹ́ kànga tirẹ̀ sínú ọgbà, ó ti géètì...

Nígbà tí wọ́n ṣí bọ́dà, Ìyá Sènámì wá dágbére. Ó ní, "Ìyàwó, mo ń lọ o." Mo ní kó bá mi kí wọn nílé. Ìyẹn nìkan ni ẹnu mi gbà.

Tí ẹ bá ṣẹ ẹnì kan, ẹ bẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì wà nítòsí. Èmi fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà, mi ò mọ ibi tí màá wá a sí. Gbogbo ìgbà tá a jọ gbé, mi ò bi í ní orúkọ abúlé rẹ̀.