Òkúta Tí Mo Gbé Kúrò Nídìí Òfì Mọ́rẹ́nikẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè dárúkọ ara mi. Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí sínú. Ní báyìí, ẹnì kan ń retí èsì lọ́dọ̀ mi, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, aṣọ òkè ni bàbá mi ń hun. Nígbà tí mo wà níléèwé girama, àwọn àlejò kan wá, wọ́n ní àwọn máa mú akẹ́kọ̀ọ́ kan láti iléèwé kọ̀ọ̀kan lọ sí Jámánì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó lọ kọ́ nípa sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ. Ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá dára jù ló máa lọ. Èmi ṣe àpótí tí a lè fi sá èlùbọ́ láì jẹ́ kí eruku kàn án. Mọ́rẹ́nikẹ́ ọ̀rẹ́ mi ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí aago rẹ̀ ń dún bí òwú bá já lórí òfì tí a fi ń hun aṣọ. Kí n má parọ́, tiẹ̀ dára ju tèmi lọ. Gbogbo kíláàsì ló mọ̀.

Níbi òfì bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òfì mọ̀ pé òwú máa ń nà jìnnà síwájú ahunṣọ, òkúta la sì fi ń tẹ ìpẹ̀kun rẹ̀ kó lè le. Lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan òkúta ẹlòmíràn láì tọrọ àyè. Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ ń wá ìjókòó fún àwọn àlejò. Mo bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń tún okùn bàtà ṣe, mo gbé òkúta kan kúrò nínú méjì.

Òwú dẹ̀, ẹ̀rọ náà sì kà á sí pé ó já. Aago bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò dákẹ́, bẹ́ẹ̀ òwú kankan kò já. Àwọn àlejò náà kò mọ òfì. Wọ́n mi orí, wọ́n kọ̀wé. Nígbà tí wọ́n jáde, mo dá òkúta padà.

Èmi ni mo lọ. Súwẹ́tà tí Mọ́rẹ́nikẹ́ yá mi ni mo wọ̀ lọ. Ní Jámánì, wọ́n fi ẹ̀rọ ńlá kan hàn wá tó ń hun aṣọ, tó ń dá dúró fúnra rẹ̀ bí òwú bá já. Àwọn yòókù ń pàtẹ́wọ́, èmi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mi ò gbìyànjú láti sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ bá Mọ́rẹ́nikẹ́, àmọ́ mo kàn kí i, mo sì padà sílé. Bí bàbá mi bá gbọ́, kò ní lè gbójú sókè láàárín àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Mọ́rẹ́nikẹ́ ti fi sáyẹ́ǹsì sílẹ̀. Ó ní orí òun kò gbé e. Aṣọ ló ń rán báyìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá sílé wa. Àbúrò rẹ̀ obìnrin fẹ́ díje fún irú ìrìn àjò yẹn. Ó kó ìwé tó fi ya ẹ̀rọ rẹ̀ ìgbà yẹn lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Ìwọ tó o ti dé ìlú òyìnbó, jọ̀ọ́, bá mi wo ibi tí mo ti ṣàṣìṣe, kí ọmọ yìí má bàa ṣe irú rẹ̀.” Ó ní òun á padà wá gba èsì lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Mo ti yẹ ìwé náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un?