Fùrá Ọjọ́ Àáró Ràsáàkì

Ràsáàkì ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ilé Ládòkun. Ara rẹ̀ ti wú, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́, ó sì ní ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gbọdọ̀ bá òun wọ sàréè. Gbogbo ìlú Ìràwọ̀ ló mọ̀ ọ́n sí olóòótọ́ ènìyàn. Inú ọmọ aráyé mà jìn o.

Àrínọlá, ìyàwó Ládòkun, tẹ́ ẹní fún un. Mùstàfá àti àwọn yòókù tí wọ́n jọ ń ṣe àáró nígbà èwe jókòó yí i ká. Ìró ọkọ́ ń dún lẹ́yìn ilé: Ládòkun ló ń kọ ebè tí ẹnikẹ́ni kò ní gbin iṣu sí, bó ti ń ṣe lójoojúmọ́ láti ọdún pípẹ́ wá.

Ràsáàkì ní ọdún tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún ni. Àáró kan oko òun, ilẹ̀ le, òun sì fẹ́ kí ebè òun ju ti gbogbo ẹgbẹ́ lọ. Òun gba hóró oògùn tí àwọn awakọ̀ tó ń na Kánò fi ń lé oorun, òun lọ̀ ọ́, òun pò ó mọ́ fùrá tí òun gbé fún wọn mu.

Mùstàfá la ẹnu, kò lè pa á dé. Ta ni yóò gbàgbé ọjọ́ náà? Oòrùn mú, kò rẹ̀ wọ́n. Ebi kò pa wọ́n. Ebè kàn ń yọ nílẹ̀ ṣáá. Àwọn àgbà wá wòran, wọ́n ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Àṣé iṣẹ́ ọwọ́ Ràsáàkì ni.

“Ká ní ibẹ̀ ni mo ti dúró, ìbá sàn,” ni ó wí.

Ó ní Ládòkun padà wá bẹ òun fún fùrá ọjọ́sí. Òun mọ ohun tó ń wá, òun sì ń fún un, nítorí pé ìgbàkígbà tó bá ti mu ún, oko òun ló ń lọ ro. Nígbà tó yá, oorun kọ ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìlú pe ìpàdé.

“Wọ́n bi mí ní ohun tí mo mọ̀. Mo ní kí wọ́n lọ bi ìyàwó rẹ̀ ohun tó fi sínú ọbẹ̀.”

Ó sunkún. Ó ní kí wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n má ṣe yá agbára lọ́wọ́ oògùn, nítorí ara tó bá yá a ni yóò san án. Ó tọrọ àforíjì.

Àrínọlá kọjú sí Ràsáàkì. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò gbé ohùn sókè.

“Bàbá Àsíátù, Ọlọ́run ní í foríjini. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oko yín, oko ọkọ mi ni àáró kàn. Kò sí ẹni tó wá nínú gbogbo yín.”

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn wà lórí oko Ládòkun tó ti di igbó, wọ́n sì gbé Ràsáàkì sábẹ́ igi igbá kan níbẹ̀. Ládòkun gbọ́ ìró ọkọ́, ó tẹ̀ lé e dé ibẹ̀. Ó dúró, ó ń wò wọ́n. Ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ohun tí ojú wọn kò rí láti ọjọ́ yìí wá.

“Ṣé èmi ló kàn?”

Ràsáàkì ló dá a lóhùn. “Ìwọ ló kàn, Ládòkun. Àwa la pẹ́.”