Ẹ̀yìn Ni Mo Fi Gun Òkè Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ jókòó, Díákónì Ládélé! Ẹ jókòó, ẹ de bẹ́líìtì yín, ẹ sì mú ọwọ́ kúrò lára handbrake mi, nítorí Ọlọ́run! Caroline wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lókè yẹn pẹ̀lú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, òtútù ń já wọn jẹ, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wà lápò yín, pickup yín rì sínú snow nísàlẹ̀ òkè níbí bí erin tó jìn sí ọ̀fìn, ẹ wá ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo fẹ́ yí mọ́tò yìí padà ni! Mo fẹ́ fi ẹ̀yìn gòkè. Ẹ̀yìn náà ni!

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ dìde ní ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ, lójú àwọn ọmọ yunifásítì tí mò ń fi mọ́tò gbé wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ ní nínú ọdún tí Olúwa pè ní Ọdún Ìlọsíwájú, Sista Bùkọ́lá ń fi ẹ̀yìn gbé àwọn ọmọ Ọlọ́run wá sílé Ọlọ́run? Tí ẹ ní bí aya Lọ́ọ̀tì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn? Èmi, aya Lọ́ọ̀tì! Èmi tí mo gbààwẹ̀ kí n tó gba iṣẹ́ yẹn!

Mo rọra ń ṣe é o, ẹ má pariwo! Táyà kàn ń yọ̀ díẹ̀ ni, yóò dilẹ̀ mú. Jésù, dì wá mú... O ṣeun, Olúwa. Ó ti dì í mú.

Nígbà tí epo ṣì ń jẹ́ epo, tí gbogbo yín ń ṣiṣẹ́ láwọn iléeṣẹ́ epo ní downtown, tí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kún fún ọkọ̀ ràgàjì-ràgàjì, kí lẹ ń pe mọ́tò mi? Páálí ìṣáná! Ẹ ní kí n gbé páálí ìṣáná mi sí kọ̀rọ̀ kí àwọn àgbà lè ráyè. Owó epo já wálẹ̀, wọ́n ń lé èèyàn níṣẹ́, Akínbámi, ọ̀kan lára yín, ta jíìpù rẹ̀, ó gba Èkó lọ, àwọn yòókù kó lọ sí Toronto. Ta ló wá ṣẹ́kù tó ń gbé àwọn ọmọ yunifásítì láti inú yàrá abẹ́ ilé tí wọ́n ń gbé ní Taradale wá sin Ọlọ́run? Páálí ìṣáná ni!

Ẹ gba iṣẹ́ gbígbé wọn lọ́wọ́ mi nítorí reverse! Ní Sunday tó kọjá, ọkọ̀ kankan ò lọ gbé wọn, Tamílọ́rẹ, ọ̀kan nínú wọn, dúró de bọ́ọ̀sì títí òtútù fi pa etí rẹ̀ kú, tó funfun bí ẹfun, ọmọ tí ìyá rẹ̀ fà lé mi lọ́wọ́ lórí fóònù, tó ní, "Sista mi, ẹ bá mi mójú tó o." Kí ni kí n sọ fún ìyá yẹn, Díákónì? Kí ni kí n sọ?

Hẹn? Kò yé yín? Ṣé ẹ bi mí ni? Ẹ kàn dá mi lẹ́jọ́ ni! Táyà iwájú ló ń fa mọ́tò yìí. Bí mo bá kọjú sí òkè, ìwúwo á lọ sẹ́yìn, iwájú á fúyẹ́, táyà á máa yí lásán bí ẹni tó ń gbàdúrà láìnígbàgbọ́. Bí mo bá fi ẹ̀yìn ṣáájú, ìwúwo á jókòó lé táyà tó ń ṣiṣẹ́, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ snow, á sì máa tì wá lọ sókè. Òkè yìí kan náà ni mo há sí lọ́jọ́ kan tí mò ń sunkún, tí Ẹ̀mí Mímọ́ ní, "Yí padà!"

Yéè! Ó ń yọ̀, ó ń yọ̀! Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan! Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Mi ò ní tẹ búréèkì, mi ò ní tẹ búréèkì, ẹ̀jẹ̀ Jésù... Ó ti tọ́. Ó ti tọ́. Ẹ mí, Díákónì. Èmi náà ń mí.

Aya Lọ́ọ̀tì! Sódómù lobìnrin yẹn ń wò. Kí ni mò ń wò nínú gíláàsì ẹ̀yìn? Ilé Ọlọ́run! Ṣémù àti Jáfẹ́tì ńkọ́, ẹ ò kà wọ́n ni? Nígbà tí Nóà wà níhòòhò, wọ́n gbé aṣọ lé èjìká, wọ́n fi ẹ̀yìn rìn, wọ́n bo bàbá wọn, ó sì súre fún wọn. Wọ́n fi ẹ̀yìn rìn, Díákónì! Ìgbà wo lẹ wàásù ìyẹn? Ìhòòhò ta ni mò ń bò láàárọ̀ yìí? Ẹ dá mi lóhùn! Àbí snow ti dí yín lẹ́nu?

Ògo! A ti dókè. Ẹ wo Caroline, ẹ wo gbogbo àwọn ará tó ń dúró dè wá, ẹ̀yìn mọ́tò ni wọ́n tẹjú mọ́. Ṣé ẹ rántí sítíkà tí ẹ fọwọ́ ara yín lẹ̀ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn yìí ní àìsùn ọdún tuntun? ÌLỌSÍWÁJÚ, gàdàgbà-gadagba! Òun ló ṣáájú wa dé! Háà, Ọlọ́run mi, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín...

Ó tó. Ẹ sáré lọ ṣílẹ̀kùn, ọmọ ọwọ́ ń gbọ̀n! Mi ò ní sọ fún wọn pé pickup yín há. Ṣémù ò sọ. Ṣùgbọ́n èmi ò sọ̀kalẹ̀ o. Tamílọ́rẹ tún wà ní bus stop báyìí, mò ń lọ gbé e, mi ò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá bèèrè mi nínú ìjọ, ẹ ní Sista Bùkọ́lá ń bọ̀. Ẹ ní kí wọ́n máa retí ẹ̀yìn mọ́tò!