Kí Àwọn Tó Wà Lẹ́yìn Lè Gbọ́: Ìdágbére fún Ọdúnayọ̀ Fágbénró

Ẹ̀yin ará Ayétòrò, ẹ̀yin tí ẹ ti Ẹ̀gùá wá, ẹ̀yin tí ẹ gun ọ̀kadà láti Ìjóùn wá nínú eruku yìí, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ kú ìjókòó. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́.

Ẹ ṣe àmín yẹn kó dún. Èyí tí ẹ ṣe yẹn kò dé ẹ̀yìn.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, èmi ni Leah, ọmọ Tíṣà Oyèwọlé tó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín ní ìwé. Èmi àti Ọdúnayọ̀, ẹni tí pósí rẹ̀ wà níwájú wa yìí, la jọ dàgbà, la jọ kọ́ṣẹ́, la jọ ń ṣe é. Ojúewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì là ń kọ́. Ohun tí ẹ ń ṣí lórí fóònù yín láti wo èsì ìdánwò ọmọ, tàbí láti mọ èló ni wọ́n ń ta àgbàdo ní Abẹ́òkúta, ẹnì kan ló jókòó kọ́ ọ. Kì í hù bí olú.

Iṣẹ́ yìí ló ń gbé wa lọ sí àpérò. Ẹni tó bá mọ nǹkan kan á gun orí pèpéle, á sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì bi í léèrè. A lọ sí Ìbàdàn, a lọ sí Èkó, a kọjá ẹnubodè lọ sí Kútọnu. Mo mọ ohun tí ẹ̀yin kan ń sọ nígbà yẹn. Ẹ ní irú ìpàdé wo ni ọmọbìnrin ń lọ tó ń fi káàdì kọ́ ọrùn bọ̀ wálé? Ẹ sọ ọ́, a gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fún wa níbẹ̀, ẹ gbà á! Bàbá Ọláoyè, olórí ẹbí, ṣẹ́ẹ̀tì àpérò Kútọnu ni wọ́n fi kọ ebè iṣu lọ́dún tó kọjá. Mo rí yín, Bàbá. Ó bá yín mu.

Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Òun náà ì bá rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò ní ẹ̀rín níwájú.

Ẹ gbọ́ bí orí kunkun rẹ̀ ṣe rí. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gun pèpéle n'Íbàdàn, wọ́n mú iná lọ. Ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri kú. Àwọn tó pe ìpàdé ní kó sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n wá epo sí jẹnẹrétọ̀. Ọdúnayọ̀ ní òun ò sọ̀. Ó pe ọkùnrin gíga kan jáde, ó ní, "Ìwọ ni àkọlé ojúewé, dúró síwájú." Ó pe àwọn obìnrin kan, ó ní, "Ẹ̀yin ni àwòrán." Ó wá pe ọkùnrin kan tó sanra, tó di báàgì sẹ́yìn, tó gbé òmíràn sáyà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ẹ̀yin ni fídíò." Ó ní kí gbogbo wọn gba ẹnu ọ̀nà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n há. Wọ́n ń ti ara wọn, gbogbo ilé ń pariwo ẹ̀rín. Ó ní, "Ẹnu ọ̀nà yẹn ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìjóùn. Níbẹ̀, fóònù á kí ọ káàbọ̀ sí Bẹ̀nẹ̀, lódìkejì ẹnubodè, nígbà tí o ṣì jókòó nílé bàbá rẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ojúewé tó wúwo báyìí, ta lẹ kọ́ ọ fún?"

Ẹ̀yin ará Ìjóùn, ẹ gbọ́? Níwájú àwọn ọlọ́gbọ́n ìlú ńlá, ẹ̀yin ló ń gbèjà. Àwọn tó wà lẹ́yìn, àwọn tí nǹkan kì í dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ló ń ṣiṣẹ́ fún. Bó bá wà lórí pèpéle tí ẹnì kan níwájú bi í ní nǹkan, kì í dáhùn títí tí yóò fi tún ìbéèrè náà sọ sókè, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Ó ní ìdáhùn tí èèyàn gbọ́ láìgbọ́ ìbéèrè, àhesọ ni.

Bó bá sì sọ̀rọ̀ tán, á ní, "Ta ló ní ìbéèrè?" Tí ẹnikẹ́ni ò bá béèrè, kò ní sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ rántí ọjọ́ tó pe àpérò tirẹ̀ síhìn-ín, sí gbọ̀ngàn ilé ìwé. Ẹ kún ibẹ̀. Ó sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ ní Yorùbá, kò sí ohun tó ṣókùnkùn. Ó ní, "Ta ló ní ìbéèrè?" Ẹ dákẹ́. Ó dúró. Ẹ dákẹ́. Ẹ̀yin èèyàn wa, a mọ ọ̀wọ̀ jù. Àwa rò pé ẹni tó bá bi èèyàn léèrè ní gbangba, ó fẹ́ dójú tì í ni. A ó mi orí, a ó pàtẹ́wọ́, a ó gbé ìbéèrè wa padà sílé. Ọdúnayọ̀ jókòó sétí pèpéle, ó mú ẹ̀pà jáde lápò, ó ń jẹ ẹ́, ó ń wò wá.

Ìyá rẹ̀ ló nawọ́. Màmá Ọdúnayọ̀ tó jókòó lọ́hùn-ún yìí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun látàárọ̀?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó mú máìkì, ó ní, "Kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́: ìbéèrè ni pé, ṣé mo ti jẹun. Ìdáhùn ni pé, rárá. Ta ló tún kàn?" Ìgbà náà ni ẹnu yín là. Ẹ béèrè títí àwọn tó ni gbọ̀ngàn fi lé wa jáde.

Ó dáa. Mo ti dé ibi tí wọ́n ní kí n má dé.

Kí n tó dìde lẹ́ẹ̀kan, Bàbá Ọláoyè pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n ní, "Leah, sọ ìwà rere rẹ̀. Sọ iṣẹ́ rẹ̀. Má sọ ti mọ́tò. Àmúwá Ọlọ́run ni, a kì í sì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni." Mo kúnlẹ̀ fún wọn. Mo tún kúnlẹ̀ báyìí lójú gbogbo yín. Bàbá, ẹ forí jì mí. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odidi. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tiwa yìí dénú wa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò di odidi, jíjẹrà ló ń jẹrà.

Ọjọ́ Sátidé, Ọdúnayọ̀ ń ti àpérò bọ̀ láti Abẹ́òkúta. Toheebat, tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wà pẹ̀lú rẹ̀. Òun ló so apá kọ́rùn lọ́hùn-ún yẹn. Mọ́tò Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé ni wọ́n wọ̀. Gbogbo wa la mọ Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé, àbúrò bàbá tó bí Ọdúnayọ̀. Àwọn ni wọ́n ń gbé wa lọ sílé ìwé nígbà òjò. Wọ́n wà láàárín wa báyìí, pẹ̀lú báńdéèjì lórí. Mi ò wá bú wọn.

Toheebat ní bí wọ́n ṣe kọjá Ọlọ́runda ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó mutí. Bàbá kì í mutí. Oorun ni. Wọ́n ti kó ẹrù lọ sẹ́nubodè lóru, wọn ò fẹ̀yìn lélẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà nínú mọ́tò ló rí i. Ẹnì kan di àga iwájú mú. Ẹnì kan ń gbàdúrà sínú. Ta ni yóò sọ fún àgbà pé ó ń sùn?

Ọdúnayọ̀ ni. Ó ní, "Bàbá, ṣé oorun kọ́ ló ń gbé yín yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró, kí ẹ fi omi bọ́jú."

Ọkùnrin kan tó jókòó níwájú ní, "Ọmọbìnrin yìí, fi Bàbá sílẹ̀. Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ wọn níṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe kí wọ́n tó bí ẹ?"

Wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi? Nínú mọ́tò yẹn, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ó tún bẹ̀ wọ́n. Bàbá ní, "A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé." Ọkọ̀ agbégi kan wà lójú ọ̀nà, ó ti bàjẹ́, kò tanná sẹ́yìn. Ẹ mọ ìyókù. "A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé": ọ̀rọ̀ tí ọmọ yẹn gbọ́ kẹ́yìn láyé nìyẹn.

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, inú ń bí mi. Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Èyí béèrè, ó béèrè dáadáa, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì bá àwọn tí kò béèrè kú síbi kan náà.

Láti ọjọ́ yẹn, Màmá Ọdúnayọ̀ ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Wọ́n gbé ẹ̀kọ lọ fún Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé ní ọsibítù. Wọ́n bá wọn fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀. Ìyàwó ilé ni wọ́n, ìyàwó kì í bi àbúrò ọkọ léèrè lójú ẹbí. Ṣùgbọ́n yàrá wọn ni mo ń sùn lọ́sẹ̀ yìí. Mo ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń bi ògiri.

Lọ́la la ó gbé pósí yìí sínú ilẹ̀. Ìbéèrè tí a kò bá bi lónìí, a ó kó yeepe lé e lórí pẹ̀lú rẹ̀, ìyá yìí á sì máa bi ògiri títí ọjọ́ tí yóò fi tẹ̀lé ọmọ rẹ̀. Torí náà, mo ń ṣe bí òun ti máa ń ṣe.

Ta ló ní ìbéèrè?

Mi ò sọ̀ kalẹ̀. Òun ló kọ́ mi. Ẹ máa wò mí, èmi náà ń wò yín.

Rárá, ẹ̀yin akọrin, ẹ má tíì dá orin. Mo ní ẹ má dá a.

Màmá. Ẹ rọra, ẹ sọ ọ́ níjòkòó. Toheebat, fi ọwọ́ tó dáa yẹn dì wọ́n mú. Mò ń gbọ́, Màmá.

Ẹ̀yin èèyàn wa, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Màmá Ọdúnayọ̀ ń bi Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, ọmọ yín bẹ̀ yín pé kí ẹ dúró. Kí ló dé tí ẹ ò dúró?"

Ìbéèrè nìyẹn. Kò sí èébú nínú rẹ̀. Bàbá Ọláoyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó dìde yẹn, ẹ jókòó, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan Bàbá. Ẹ gbé máìkì lọ fún wọn. Ẹ bá wọn gbé e sẹ́nu.

Mo gbọ́, Bàbá. Ohùn yín kò jáde, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Màá bá yín tún un sọ.

Bàbá ní ojú ló ti àwọn. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ pé oorun ń gbé àwọn kí ọmọ tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, bí àwọn bá dúró, á dà bí ìgbà tí ọmọdé pàṣẹ fún àwọn. Wọ́n ní ká ní ẹlòmíràn bá a sọ ọ́, ẹyọ ẹnì kan péré, àwọn ì bá dúró.

Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn, ṣé ẹ gbọ́? Ẹyọ ẹnì kan.

 Màmá ń sunkún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sun ún. Láti Sátidé, èyí lẹkún àkọ́kọ́.

Ọdúnayọ̀, ọmọ Fágbénró, ọ̀rẹ́ mi, ó dìgbéré. Àwọn àgbà á ní kí o má jọ̀kún, kí o má jekòló. Ìyá rẹ ní kí o ṣáà ti jẹun. Èmi ní tèmi, bí oorun bá ń gbé ẹni tó ń tukọ̀ rẹ lọ sọ́hùn-ún, bi í léèrè, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí o dákẹ́.

Ìyá rẹ ti béèrè. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti gbọ́. Sọ̀ kalẹ̀ báyìí, kí o máa lọ.